Òpó Tí Wọ́n Gé ní Ọdún 594

Ọmọ káfíńtà ni mí. Ilé yòówù kí n wọ̀, òrùlé ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ òpó, nítorí ibẹ̀ ni ikán ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí mo ráàyè ọjọ́ kan ní Osaka, ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì, ní oṣù kẹwàá, àwọn tí a jọ rìnrìn àjò gba Nara lọ wo àgbọ̀nrín àti ère Búdà ńlá. Èmi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Tennoji, mo sì sọ̀ ní Horyuji. Kò tó ìdajì wákàtí.

Ikaruga ni wọ́n ń pe ìlú náà, ó kéré, ó sì parọ́rọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti ibùdókọ̀, bí ogún ìṣẹ́jú, títí mo fi bọ́ sáàárín ìlà igi páìnì méjì tó sìn mí dé iwájú tẹ́ḿpìlì Horyuji. Ọmọọba Shotoku ni wọ́n ní ó dá a sílẹ̀ ní 607, nígbà tí obìnrin kan, Suiko, wà lórí ìtẹ́. Ìwé ìtàn wọn àtijọ́ sọ pé iná jó o raúráu ní 670. Èyí tí mo lọ wò ni wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn iná yẹn, ó sì ti lé ní 1,300 ọdún tó ti wà lórí ìdúró, nínú òjò, nínú yìnyín, lórí ilẹ̀ tí kì í yé mì. Igi ni o. Kì í ṣe òkúta.

Ẹnu ọ̀nà àárín tí wọ́n ń pè ní Chumon ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ère ẹ̀ṣọ́ méjì ló ń ṣọ́ ọ. Ọ̀kan lanu, ọ̀kan panu dé. Èyí tó lanu jọ ẹni tí wọ́n jẹ lówó tí wọn ò fẹ́ san. Ṣùgbọ́n òpó kan wà láàárín gbùngbùn ẹnu ọ̀nà náà! Ta ní í ri òpó sójú ibi tí èèyàn yóò gbà wọlé? Àlàyé pọ̀ lórí rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ní nítorí kí ẹ̀mí Shotoku má baà jáde ni. Kò sí ìkankan tó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn àlejò kì í gba ibẹ̀ kọjá báyìí, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ní ká gbà.

Àwọn òpó ibẹ̀ níkùn díẹ̀ láàárín. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀ wọn. Níbi tí igi bá ti jẹrà, wọ́n ti gé e kúrò, wọ́n fi tuntun dí i, bí aṣọ alábùlẹ̀ tí aránṣọ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Hinoki ni igi náà, ọmọ ìyá igi sípírẹ́sì inú Bíbélì. Èèyàn á máa sọ pé àwọn káfíńtà Jàpáànì kì í lo ìṣó. Irọ́ ni. Ìṣó wà níbẹ̀, èyí tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ rọ, àmọ́ bí igi ṣe wọnú igi ló di ilé náà mú. Tsunekazu Nishioka, olórí káfíńtà tẹ́ḿpìlì yìí tó kú ní 1995, a máa tẹnu mọ́ ọn pé ibi tí igi kọjú sí lórí òkè ni kí ó kọjú sí nínú ilé.

Ilé gogoro alájà márùn-ún ni ọba ibẹ̀. Ó ga tó nǹkan bíi mítà 32, òrùlé kọ̀ọ̀kan sì ń kéré sí i bó ṣe ń lọ sókè. Kò sí yàrá lókè tí èèyàn lè gùn dé. Òpó kan ṣoṣo ló gba inú rẹ̀ lọ tààrà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka òrùka ọdọọdún inú igi òpó náà, wọ́n rí i pé 594 ni wọ́n gé igi rẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀: igi tí wọ́n gé ní 594, nínú ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn 670. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èmi ò rí ìjà níbẹ̀. Àwọn pákó kan wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tó jù mí lọ.

Nísàlẹ̀ ilé gogoro yẹn, mo yọjú gba ojú wáyà. Ère amọ̀ kéékèèké láti ọdún 711 ló wà nínú òkùnkùn ibẹ̀. Ní ìhà àríwá, Búdà ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń sunkún. Kì í ṣe ẹkún ojú ayé o: wọ́n lanu gbàgà, wọ́n káwọ́ láyà. Mo ti rí ère Búdà tí ojú rẹ̀ tòrò bí omi àmù títí ó fi sú mi. Àwọn wọ̀nyí ni mo pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù.

Gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbaná ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní 1949, nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́. Àwòrán ara ògiri tó ti wà láti ayébáyé bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí wọ́n ṣòfin ní 1950 láti dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì fi ń dánra wò lọ́dọọdún pé bí iná bá tún sọ, báwo ni a ó ṣe pa á.

Yumedono, ilé onígun mẹ́jọ, ni mo fi parí rẹ̀, àṣìṣe tèmi sì wà níbẹ̀. Ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún èèyàn láti wo Guze Kannon, ère tó wà nínú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo fi bí ọ̀sẹ̀ kan yá jù. Ilẹ̀kùn ni mo wò.

Lálẹ́, mo fi fọ́tò àwọn òpó ránṣẹ́ sí bàbá mi, mo sì pè wọ́n.

"Ọdún mélòó lo ní wọ́n ti wà níbẹ̀?"

"Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún, bàbá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ikán ńkọ́?"

Mo ní ikán wà níbẹ̀ náà.

"Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ kò mú ìsàlẹ̀ dáadáa. Tó o bá tún débẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kó o yà wá."