Ẹ Ti Sọ Bí Ẹ Ṣe Máa Pínyà Kí Ẹ Tó Jọ Gbá Doubles

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi doubles, ìyẹn tẹ́níìsì tí ẹni méjì ń gbá kojú ẹni méjì, jẹun bíi tèmi, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí o. Ohun tí ojú mi rí ní Monastir, ní Tùnísíà, ni mo fẹ́ sọ, kí ẹlòmíràn má bàa fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ kúkú mọ Monastir. Ibẹ̀ ni àwa tí ipò wa ṣì wà nísàlẹ̀ máa ń sá lọ, torí ìdíje kéékèèké máa ń tẹ̀ léra níbẹ̀, èèyàn sì lè gbá ọ̀pọ̀ láì tún wọ ọkọ̀ òfuurufú. 15,000 dọ́là ni gbogbo owó tó wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, singles, tí ẹnì kan ń gbá kojú ẹnì kan, ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù. Àwọn méjì tó bá gba ife doubles, owó tí wọ́n máa jọ pín kò tó 1,000 dọ́là. Ẹ wá yọ owó yàrá, owó oúnjẹ àti owó okùn rákẹ́ẹ̀tì kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ẹnìkejì mi fi ń sun yàrá kan náà. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Kílọ́ọ̀bù kan náà la ti ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn àgbà n'Ìbàdàn kí ẹnikẹ́ni tó fún wa ní rákẹ́ẹ̀tì, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́nu nẹ́ẹ̀tì láì ṣẹ́jú.

Ọrùn ọwọ́ mi ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó wú, dókítà ní kí n sinmi, mo sì sinmi. Ṣùgbọ́n pọ́íǹtì tí wọ́n fi ń to ipò wa kì í dúró de aláìsàn. Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 52, ó ti lọ nìyẹn. Kí n tó padà sórí pápá, ipò mi ti já wálẹ̀ burúkú, bẹ́ẹ̀, ipò àwa méjèèjì ni wọ́n máa ń rò pọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá a máa ráyè wọlé. Mo mọ̀ pé tèmi ló ń fa tiẹ̀ sẹ́yìn. Òun náà mọ̀. A ò sì sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo lọ wo ìwé orúkọ àwọn tó máa jọ gbá doubles, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara pátákó. Orúkọ wa ni mò ń wá. Mo rí tiẹ̀, àmọ́ orúkọ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bóyá wọ́n ṣì í kọ ni. Ọmọ Íjíbítì kan tó wà lẹ́yìn mi béèrè ohun tí mò ń wá, mo ní kò sí. Yàrá kan náà ni mo sì gbọ́dọ̀ padà sí! Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wé gíríìpù tuntun mọ́ ibi tí wọ́n ti ń di rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Gíríìpù mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Mo rí orúkọ yín níta."

Kò gbójú sókè. "Àbúrò, má bínú. Pẹ̀lú ipò tìẹ yẹn, a ò lè wọlé."

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi lálẹ́ àná. Ṣebí a jọ jẹun."

"Ṣé a tọwọ́ bọ̀wé ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ti parí, owó yàrá ti wọlé, kò sì síbi tí mo lè kó lọ. Lálẹ́, òun ló pa iná, ó ní ó dàárọ̀. Mo ní ó dàárọ̀, sà. Títí di òní, "sà" yẹn ló ń dùn mí jù.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ẹ sọ bí ẹ ṣe máa pínyà kí ẹ tó jọ gbá bọ́ọ̀lù kankan. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wá ire tiẹ̀ o. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bob àti Mike Bryan, tí wọ́n jọ wáyé, tí wọ́n jọ gba ife Grand Slam 16, ìyẹn ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú tẹ́níìsì lọ́dọọdún, ìbàdí Bob dà á dúró lọ́dún 2018, Mike sì mú Jack Sock ṣe ẹnìkejì, wọ́n gba Wimbledon àti US Open lọ́dún náà. Gbogbo ayé ló mọ ìdí rẹ̀, Bob sì padà sáyè rẹ̀ ní 2019. Rohan Bopanna, ọmọ Íńdíà, ti pé ọmọ ọdún 43 kí òun àti Matthew Ebden tó gba Australian Open ní 2024, kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti pín gaari. Pípínyà kì í pa ẹnikẹ́ni. Lára ògiri ni kò yẹ kéèyàn ti kà á.

Ẹ wò ó, àwa tí a máa ń fi ìka júwe lẹ́yìn ìdí ibi tí serve, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, máa lọ, tí a bá dọ́gba ní 40-40, a jọ ń pinnu ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó máa parí géèmù náà, báwo la ṣe wá ń tijú láti sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ wa? Àwọn kan máa ní ẹ̀gbọ́n ni, kò ṣeé bi. Ẹ bi í. Ẹ kúnlẹ̀ bi í tó bá gba bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí ẹ ní owó yàrá ara yín lápò, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ̀kẹta, ẹ mọ àwọn míì lójú agbo tí ẹ lè jọ gbá tí ẹ bá pínyà. Èyí ò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́, mo mọ̀, ẹ ṣáà fara dà á.

Mo ti rí ẹlòmíràn, ọmọ Tógò kan tó ń fọwọ́ òsì gbá, a sì ti gba ife kan. A kọ ọ́ sórí fóònù kí a tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ lọ máa sọ ọ́ lẹ́nu, kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, tí ọ̀kan bá ṣèṣe, èkejì lè mú ẹlòmíràn títí ara rẹ̀ á fi yá, oníkálukú ló ni gíríìpù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún un.