Pac-Man: ọ̀nà àtibọ́ lórí 28,000

Ọ̀sẹ̀ kìíní
Pac-Man ni eré kọ̀ǹpútà tí ẹnu kan ti ń jẹ kóró kiri láàárín ọ̀nà ọlọ́pọ̀ igun, tí iwin mẹ́rin sì ń lé e. Oṣù méjì gbáko ni póìǹtì mi fi wà lójú kan bí òpó. 27,400. 28,110. 26,900. Ìpele karùn-ún ni wọ́n ti ń pa mí ṣáá. Mo ní ọwọ́ mi ló lọ́ra, àfi ìgbà tí mo mú ìwé, tí mo ń kọ ibi tí mo kú sí àti ohun tí mò ń wá níbẹ̀. Nínú ogún ikú, mẹ́tàlá jẹ́ pé iwin búlúù ni mò ń lé.

Ní ìpele kìíní, bí o bá gbé kóró ńlá mì, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ni àwọn iwin fi ń di búlúù, tí wọ́n ń sá fún ọ, tí o sì lè jẹ wọ́n. Nígbà tí o bá dé ìpele karùn-ún, méjì péré ló kù. Èmi ṣì ń lé wọn bíi ti àkọ́kọ́, nítorí póìǹtì 1,600 tó wà lórí iwin kẹrin. Ojúkòkòrò pọ́ńbélé.

Ọ̀sẹ̀ kejì
Mo fi òfin de ara mi: n kò gbọ́dọ̀ jẹ iwin kankan. Póìǹtì mi wó lulẹ̀ sí bíi 16,000, ó sì dùn mí, àmọ́ mo rí ìpele kẹfà. Ẹ wá wò ó, ibẹ̀ ni àkókò búlúù ti tún padà di ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún! N kò pẹ́ láyé tó láti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkarùn-ún
Igun ló gba gbogbo àkókò yìí. Mo máa ń dúró kí Pac-Man dé igun kí n tó ti ọ̀pá ìdarí. Àṣìṣe ni. Bí o bá ti ti ọ̀pá ṣáájú, á gé igun náà kọjá, iwin ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Igun kọ̀ọ̀kan ni o fi ń jìnnà sí wọn díẹ̀díẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, igun nìkan, n kò wo póìǹtì rárá. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ṣe ni mo burú sí i. Ọwọ́ tó ti mọ àṣà àtijọ́ kì í tètè gbọ́ràn.

Láàárín rẹ̀ ni mo kọ́ ìwà àwọn iwin. Blinky, tó pupa, ibi tí o wà gan-an ló ń bọ̀. Pinky ń wá ojúlé (àyè onígun mẹ́rin kékeré lójú pátákó) mẹ́rin síwájú ẹnu rẹ, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń dà bí ẹni tó lúgọ. Bí o bá kọjú sí i lójijì, nígbà míì á yà kúrò lọ́nà. Clyde a máa lé ọ láti òkèèrè, tó bá sún mọ́ ọ tán, á yí padà sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀ lápá òsì. Ojo ni. Inky ló ṣì ń dà mí láàmú, torí ibi tí Blinky wà ló fi ń ṣírò ìrìn tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà
41,350! Ìpele kẹjọ. Blinky ló pa mí: bí kóró bá kù díẹ̀ lójú pátákó, eré rẹ̀ a máa le sí i, èmi sì ti fi ìwọ̀nba tó kù sílẹ̀ sókè, níbi tó jìnnà sí ihò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tí a ń gbà já sí apá kejì pátákó. Inú ihò yẹn ni iwin ti ń falẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀bá ihò ni màá fi kóró ìkẹyìn sí.