Ọgbọ̀n Akẹ́kọ̀ọ́ Ni Wọ́n Sọ Fún Mi

Ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní Changsha, ní ilẹ̀ Ṣáínà, sọ fún mi lórí WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn níbẹ̀, pé wọn yóò wà níbẹ̀. Ó ní kí n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Guangzhou, níbi tí mo ti ń kàwé, kí n wá bá wọn fi Gẹ̀ẹ́sì tàkurọ̀sọ fún wákàtí méjì péré, àti pé ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ yóò san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún mi, yóò sì fún mi ní oúnjẹ. Owó ọkọ̀ náà lé ní 300 yúàn ní àlọ nìkan, èyí kì í sì í ṣe owó tí irú mi ń fi ṣeré. Ìrìnàjò náà fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn: nǹkan bí 700 kìlómítà ni, mo sùn, mo jí, mo dé.

Ohun tí wọ́n pè mí sí ni àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Yīngyǔ jiǎo, ìyẹn igun Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀, kò sí ìdánwò, wọn kì í sì í pe orúkọ. Àwọn ènìyàn kàn máa ń pé jọ sí ìta gbangba láti sọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ti Yunifásítì Renmin ní Beijing, tí wọ́n máa ń ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gbajúmọ̀ gan-an. Ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀ kò fara sin. Gẹ̀ẹ́sì ní 150 máàkì nínú gaokao, ìdánwò àṣewọ yunifásítì wọn. Bí wọ́n bá sì wọlé tán, CET-4, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tún ń dúró dè wọ́n, èyí tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 710, tí gbogbo wọn sì ń lé 425 nínú rẹ̀, iye tí wọ́n kà sí àṣeyege, bí ẹni ń lé ẹran. Gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti títúmọ̀ ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀. Ti ẹnu wà lọ́tọ̀, ẹni tí ó bá wù ni ó ń ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí ó ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ sórí lè dúró níwájú rẹ kí ó má lè tọrọ omi.

Nígbà tí a dé pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí wọ́n fẹ́ lò, mo rò pé ìdíje kan ni ó fẹ́ wáyé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí, mo dé 180, mo pa á tì.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn ọgbọ̀n tí ẹ wí nìyí?”

“Àbúrò mi, ṣe sùúrù. Wọ́n gbé àwòrán rẹ sórí WeChat ní àárọ̀ ni.”

“Àwòrán mi kẹ̀? Ta ni ó fún wọn?”

Bàtà ara rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń wò.

Àwòrán mi tún wà lórí pátákó ìpolówó kan tí ó ga jù mí lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kan tí wọ́n ti ń forúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀ fún kíláàsì olówó iyebíye. Ìwọ̀nba èdè wọn tí mo lè kà fi yé mi pé wọ́n pè mí ní wàijiào, olùkọ́ láti òkè òkun. Èmi tí mo ń kọ́ nípa omi àti ilẹ̀! Wọn kò ní makirofóònù. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn olùkọ́ wọn máa ń so mọ́ ìbàdí ni wọ́n gbé fún mi, bátìrì rẹ̀ sì kú kí n tó parí ìkíni.

Ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ jẹ́ ìyà pọ́ńbélé. Wọ́n yí mi ká ní ìpele-ìpele, àwọn tí ó wà níwájú ń bi mí ní ìbéèrè, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan, fóònù wọn ni wọ́n ń tẹ̀. Apple béèrè bóyá mo lè fi igi méjì jẹun; mo dáhùn. Seven béèrè bóyá mo lè fi igi méjì jẹun; mo dáhùn. (Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún ara wọn nìyẹn, mo tún pàdé Rain.) Ṣé Áfíríkà gbóná? Ṣé mo fẹ́ràn Changsha, níbi tí n kò tíì lo wákàtí mẹ́ta? Ẹni tí kò béèrè ń yà mí ní fọ́tò. Bí ìwọ náà bá lọ, tí o sì ń gbọ́ “nèige, nèige” tí ó jọ èébú kan tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, má ṣe bínú: báyìí ni àwọn ṣe ń dákẹ́ wá ọ̀rọ̀. Ohùn mi ti há. Èmi nìkan ni mo ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn tí ó wá kọ́ bí a ti ń sọ ọ́.

Mo sá jáde láti ra omi. Ní ẹnu ọ̀nà, obìnrin kan ń dín chòu dòufu, wàrà sóyà olóòórùn tí a mọ Changsha mọ́. Mo fi ọwọ́ di imú. Ọmọbìnrin kan tí ó ti tẹ̀ lé mi láti inú pápá, tí ó gbá ìwé àkọsílẹ̀ kan mọ́ àyà, tí kò sì tíì sọ nǹkan kan láti ìrọ̀lẹ́, rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo ra abọ́ kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí èédú, ó ń dún kàráká lẹ́nu, inú rẹ̀ rọ̀, ata tí wọ́n dà lé e lórí sì jẹ́ ata gidi, irú èyí tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Òórùn náà sì yé mi lójijì: irú ni! Irú wọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ewé rẹ̀ lójà.

Mo sọ èyí fún ọmọbìnrin náà, mo sì bi í bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Kò ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní wàrà náà máa ń wẹ̀, ó ń wẹ̀ pẹ́, nínú omi tí ó ti gbó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó fi ìka méjì ṣe bí ẹni ń yí nǹkan padà nínú epo. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ títí abọ́ mi fi gbẹ. Ohun tí mo ti ń ṣe láṣìṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ wá hàn sí mi.

Nígbà tí mo padà, mo pín wọn sí agbo ẹni mẹ́jọ-mẹ́jọ, mo ní kí agbo kọ̀ọ̀kan múra láti kọ́ mi ní ohun kan tí n kò mọ̀, èmi ni n ó sì máa rìn kiri. Agbo kan mú mā, má, mǎ, mà wá, ohùn mẹ́rin inú èdè wọn. Mo fi ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ dá wọn lóhùn. Ẹ̀kan péré ni mo pè é, wọ́n gbá a mú láìṣìnà, wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì jiyàn lórí èwo ni ó jọ ohùn wọn kejì. Ní agbo mìíràn, ọmọ ìpínlẹ̀ Sichuan kan ní ata Hunan, ìpínlẹ̀ tí Changsha wà, kò tó nǹkan. Ọmọ Hunan méjì dìde sí i. Èmi tí mo dúró tì wọ́n kò rí àyè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, wọ́n ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, kò sì sí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ìbá dára bí ó bá parí síbẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n ṣèlérí jẹ́ ife tíì oníwàrà kan. Ní ti owó ọkọ̀, ọkùnrin tí ó ṣètò náà fi hóngbāo, ẹ̀bùn owó orí WeChat, ránṣẹ́ sí mi, 200 yúàn, ó ní WeChat kì í jẹ́ kí hóngbāo kan kọjá iye yẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí ó má fi mẹ́rin ránṣẹ́? Kí o tó gbà, jẹ́ kí wọ́n kọ iye ènìyàn àti iye owó sílẹ̀, kí o má sì fún ẹnikẹ́ni ní àwòrán rẹ, àní ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ọkọ̀ ojú irin ti kúrò ní Changsha nígbà tí ọmọbìnrin oníwèé náà kọ̀wé sí mi pé, níbo ni òun ti lè rí irú rà ní ìlú òun. Mo ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú irú sínú fíríìsà, kí ó sì bá mi rán an létí owó ọkọ̀ mi.