Odó Tí Mo Bá Nílé: Àyẹ̀wò Ọdún 2025

Bí mo ṣe jókòó sẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, láti ṣírò ọdún 2025, ìtasánsán isu tuntun ló kọ́kọ́ wá sí mi nímú. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù náà ni mo fẹ́ sọ jù, torí òun ló tún ọdún mi ṣe.

A ní odó igi apá kan. Mo bá a nílé ni. Nígbà tí ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bàbá mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó palẹ̀ ẹrù mọ́ n'Ìbàdàn wá síbí. Màámi ní àga mẹ́ta ni ọkọ̀ ò gbà mọ́, àwọn sì yọ̀ǹda kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò ní fi odó àwọn sílẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2026, ìpínlẹ̀ wa á pé ọdún 50, odó Màámi náà á pé ọdún 50 n'Àkúrẹ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ro pọ́ńdò. Iṣẹ́ pọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó délé, odó sì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, a to páálí lé e. Lóṣù kẹjọ yẹn, Màámi wá kí wa láti Oǹdó, mo gbé pọ́ńdò síwájú wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n ní, “Odó mi ńkọ́?”

Lọ́jọ́ kejì mo ra isu mẹ́ta l'Ọjà Ọba. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tẹ isu náà fọ́ dáadáa kí n tó sọ ọmọ odó lé e gidi, kí n má sì wò ó, kí n máa gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kìtìkìtì ni, isu ṣì ń sá káàkiri inú odó. Nígbà tó ṣe, ó di gbì, gbì, ohùn náà wúwo. Lẹ́yìn náà ni ọmọ odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún pọ̀, pọ̀, iyán ń dì í mú, ó ń fà. Màámi ní ó ti tó. Wọ́n fi àtàǹpàkò yọ kókó kan ṣoṣo jáde, wọ́n gbé e hàn mí, wọ́n ní, “Èyí ò gbọ́ràn.”

Ẹ̀gúsí àti tẹ̀tẹ̀ la fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹja yíyan Ìgbòkòdá. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òkèlè àkọ́kọ́ báyìí, mo rí bàbá mi tí wọ́n ká apá agbádá sókè, tí wọ́n ń fọwọ́ nínú abọ́ tánganran. Mo rántí bí odó ilé kan ṣe máa ń dá odó ilé kejì lóhùn ládùúgbò wa lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Ojú mi kún fún omi.

Ìyá tó ń gbé lókè wa yọjú lójú fèrèsé: “Ẹ kú iṣẹ́ o! Ta ló ń gúnyán?” A bù fún wọn. Látìgbà náà, Sọ́ńdè méjì-méjì la ń gún un, àwọn náà á mú isu tiwọn sọ̀ kalẹ̀.

Adùn mìíràn wà. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà l'Àràkálẹ̀ nírọ̀lẹ́, àgbàdo àti àgbọn lóṣù kẹfà. Mọ́ínmọ́ín inú lailọ́ọ̀nù tí mo rà níbì kan fi inú rírun bá mi sùn. Ti inú ewé ni mo padà sí. Lóṣù kọkànlá mo kó àwọn ọmọ lọ sí Ìdànrè. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn òkè tó lé ní 600, àgbẹ̀ kan la kòkó tútù fún wọn, wọ́n ń lá omi funfun ara kóró rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi ò mọ̀ pé kòkó máa ń dùn kó tó korò.

Ohun kan dùn mí. Ìyá alákàrà tí mo ti ń rà lọ́wọ́ wọn láti ilé ẹ̀kọ́ girama ò jáde mọ́ láti oṣù karùn-ún, orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu ẹ̀wà lílọ̀ náà, títí á fi wú bíi fóòmù. Mo ti jẹ àkàrà níbi mẹ́rin látìgbà náà. Nílé wọn ni mo máa gba lọ lọ́la, kí n mú iyán dání.

Ọyẹ́ ti dé. Lálẹ́ àná mo bomi kún odó, kó má baà là.