Ayaba Ọ̀fẹ́ ní g5

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́, ẹ dákun, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, torí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri kò burú tó bó ṣe rí gan-an.

Ṣẹ́ẹ̀sì ni èmi àti ọ̀gbẹ́ni kan ń ta, funfun ni mo mú. Bí ẹ bá gbọ́ e4 tàbí g5, orúkọ ilé kan lórí pátákó ni: lẹ́tà ń sọ òpó, nọ́ńbà ń sọ ìlà. Ẹṣin mi wà ní e4, pọ́ọ̀nù (ọmọ ogun kékeré) d3 ń gbè é lẹ́yìn. Ọba mi jókòó jẹ́jẹ́ ní g1, rúùkù wà ní f1, pọ́ọ̀nù mẹ́ta tò síwájú wọn bí ẹ̀ṣọ́ ààfin: f2, g2, h2. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú, tó máa ń gba igun dé igun, ń wo g2 mi láti b7 lọ́hùn-ún, àmọ́ ẹṣin mi ti dí i lójú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ìmọ̀ yẹn ló dùn mí jù.

Ọ̀gbẹ́ni yìí wá gbé ayaba rẹ̀ láti d8 wá sí g5. Ayaba yẹn ló ń ṣọ́ pọ́ọ̀nù d6 látàárọ̀; bó ti ṣípò báyìí, d6 di ọmọ òrukàn. Ojú mi là! Bí ẹṣin mi bá jẹ ẹ́, yóò dojú kọ rúùkù e8 àti bíṣọ́ọ̀bù b7 lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣì wà lórí aago mi. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ni mo lò. Mo jẹ d6, mo gbá aago pàá, mo na ẹsẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi pe ẹlẹ́pà.

Ẹlẹ́pà kò tíì dé tí ayaba fi já sí g2. Ṣẹ́ẹ̀kìméètì: ọba mi kò ríbi sá, eré parí. Bíṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ jẹ gan-an ló tì í lẹ́yìn. Ayaba náà ń ṣọ́ h1, rúùkù tèmi dí f1, pọ́ọ̀nù tèmi dí f2 àti h2. Ẹ̀ṣọ́ ààfin ló ti ọba mọ́lé. Ọ̀ta ni mo pe ara mi kí n tó jókòó. Ọ̀pẹ ni mo fi dìde.

Ohun tó ń fọ́ wa lójú ni pé ẹṣin tó ń lọ síbì kan ń fi ibì kan sílẹ̀, ibi tó ń lọ nìkan la sì máa ń wò. Ọpọlọ á ṣì máa rí i níbi tó ti kúrò, bí ẹni tó ti ta mọ́tò tó tún ń wá kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi ń jókòó lé ọwọ́ ara wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan: tí mo bá ta èyí, ṣẹ́ẹ̀kì wo, ìyẹn ìkọlù sí ọba, ni alátakò lè fún mi? Kí ló lè jẹ? Mo mọ̀ ọ́n. Mo tiẹ̀ ń fi kọ́ àwọn ọmọdé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ̀hún ló wá pa mí tán. Ó ní: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò fi ẹṣin jẹ ayaba bọ̀dá yẹn ní g5?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo dá ẹṣin padà sí e4. Mo kà á: ilé méjì sọ́tùn-ún, ilé kan sókè. g5. Mo tún un kà, bóyá ilé á sún. Kò sún.

Mo bá sá di àwọn àgbà. Mo ní ní Sochi, ní Rọ́ṣíà, lọ́dún 2014, nínú eré kẹfà ìdíje adé àgbáyé, Carlsen tó dé adé nígbà náà ṣi ọba rẹ̀ gbé sí d2. Anand tó ń bá a du adé ìbá fi ẹṣin jẹ pọ́ọ̀nù e5, kò rí i, ó sún pọ́ọ̀nù sí a4, ó sì pàdánù. Mo ní Kramnik ńkọ́? Òun ló dé adé àgbáyé lọ́dún 2006 tó gbé ayaba sí e3 ní Bonn, ní Jámánì, tí kọ̀ǹpútà Deep Fritz fi ayaba tiẹ̀ gún h7, méètì ojú ẹsẹ̀! Ẹṣin funfun tó wà ní f8 ló ń ṣọ́ h7, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í retí ẹṣin sí.

Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní: "Ṣùgbọ́n àwọn yẹn mọ̀ ọ́n ta."

Ẹ tún wá gbọ́ o, ọ̀gbẹ́ni tó nà mí ń sọ kiri báyìí pé ìdẹ lòun fi ayaba yẹn ṣe. Ìdẹ kẹ̀! Mo ń wò ó nígbà tí ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Ó wo e4, ó wo g5, ó gbé ike omi sẹ́nu, ó mu ún pẹ́. Kò sí omi nínú ike náà.