Mo Wá Lẹ́tà Mistral Lọ sí Arles

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá dé Arles, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, pápá ìṣeré ràgàjì táwọn ará Róòmù kọ́ ni wọ́n ń wá wò. Èmi náà wò ó, ṣùgbọ́n pátákó ara ilé ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ rí fọ́ǹtì Mistral, ìyẹn oríṣi lẹ́tà ìtẹ̀wé kan, ní agbègbè rẹ̀ gan-an.

Marseille tó wà nítòsí ni Fonderie Olive wà nígbà kan, ilé iṣẹ́ tó máa ń fi òjé rọ lẹ́tà ìtẹ̀wé. Roger Excoffon ló ya Mistral fún wọn, ó sì jáde ní 1953. Ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ ló wò yà á. Orúkọ ẹ̀fúùfù líle tó máa ń gba àfonífojì odò Rhône kọjá ló fi sọ ọ́. Ẹ̀fúùfù náà wà níta lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Ṣe ni mo di fìlà mú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i lójú fèrèsé onígbàjámọ̀ kan: etí lẹ́tà rí gbágungbàgun bíi ti búrọ́ọ̀ṣì tó ń gbẹ, tí kálukú sì na ọwọ́ nísàlẹ̀ mú èkejì rẹ̀. Ní ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ìyẹn, mo tún rí "Mercerie" lára ògiri, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù olówùú àti bọ́tìnì, ọ̀dà búlúù rẹ̀ ti ṣá. Mo ní Mistral nìyí. Áàpù tó ń dá fọ́ǹtì mọ̀ náà ní Mistral ni.

Àmọ́ e mẹ́ta ló wà nínú Mercerie. Bó bá jẹ́ fọ́ǹtì ni, wọ́n á jọra bí ìbejì. Mo súnmọ́ ògiri. E àkọ́kọ́ lanu, ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dijú, ìkẹta na ìrù gbọọrọ nítorí pé àyè ṣẹ́ kù níwájú rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà tó ti bó, ìlà pẹ́ńsù tí wọ́n kọ́kọ́ fà ṣì hàn fẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ èèyàn ni! Áàpù ò lè sọ bẹ́ẹ̀, torí orúkọ fọ́ǹtì nìkan ló ní láti dáhùn.

Ẹ má fi e méjì péré ṣèdájọ́ o. Àwọn fọ́ǹtì òde òní kan ní oríṣi lẹ́tà kan náà méjì tàbí mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà ń pààrọ̀. Ẹ wo r pẹ̀lú, ẹ wo ibi tí wọ́n ti so mọ́ra.

Fótò Mistral kan ṣoṣo ni mo yà ní Arles. Ti Mercerie jẹ́ 19.