Táyà tí ó tọ́jọ́ tí kì í sì í pariwo: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lójú títì Ìbàdàn

Toyota Corolla ni mo ń wà nílùú Ìbàdàn, ibi tí mo sì ń gbé e lọ kò ju ibi iṣẹ́, ọjà, ilé ìwé àwọn ọmọ àti ilé ìjọsìn lọ. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìrìn eré sísá rárá. Kòtò, bọ́ǹpù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìwó Road àti Challenge, oòrùn tí ó ń pa ọ̀dà títì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àti òjò tí kì í jẹ́ kí á mọ ibi tí kòtò wà, àwọn ni táyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá wọ̀yá ìjà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwọn títì wọ̀nyí ti fi yé mi ni pé a kò lè ya ọ̀rọ̀ pípẹ́ táyà kúrò lára ọ̀rọ̀ ariwo rẹ̀, nítorí pé táyà tí ojú rẹ̀ bá ń jẹ dọ́gba ni ó máa ń dákẹ́, òun náà ni ó sì máa ń tọ́jọ́.

Kí n tó wo orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe táyà, ọjọ́ orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Lára ẹ̀gbẹ́ táyà, ní ìparí ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀ tí ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2024. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i, ẹ ní kí ọlọ́jà bá yín yí táyà náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe táyà ni àjọ SON, tí ó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, fi ṣe òpin ọjọ́ orí rẹ̀, àjọ FRSC tí ó ń rí sí ààbò ojú pópó náà sì máa ń fi èyí kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008, òkè òkun ni táyà tí à ń rà ti ń wá, inú kọ̀ǹténà àti ilé ìkẹ́rùsí ni ó sì ti máa ń lo apá kan nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Rọ́bà tí ó bá ti gbó a máa le, a máa là wẹ́wẹ́, a máa pariwo, kì í sì í di títì mú dáadáa nígbà òjò. Ìdí nìyí tí n kì í fi í ra èyí tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn. Mo máa ń bẹ ọlọ́jà pé kí ó mú èyí tí ó wà nínú ilé wá.

Mo mọ̀ pé owó ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ìdí tòkunbọ̀, n kò sì ní bá ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká tuntun wí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ojú táyà ọkọ̀ kékeré tuntun sábà máa ń jìn tó nǹkan bíi mìlímítà 8, tí ó bá sì ku mìlímítà 1.6, ó ti yẹ kí á yọ ọ́. Nǹkan bíi mìlímítà 6 péré ni à ń fi owó rà. Ẹ pín iye owó tòkunbọ̀ sí mìlímítà tí ó kù kí ó tó dé 1.6, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tuntun, ẹ ó sì rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a pè ní ọ̀pọ́ kò pọ́ tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe jẹ ẹ́ ni ó ṣe rí, ariwo rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ kò sì mọ kòtò tí ó ti bọ́ sí. Kíkó irú táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ wọlé tilẹ̀ wà lára ohun tí àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù fi òfin dè.

Ní ti ariwo, ojú táyà ni kí ẹ wò dáadáa. Bí táyà ti ń yí, àwọn ègé rọ́bà ojú rẹ̀ ń gbá títì, atẹ́gùn tí ó há sáàárín wọn sì ń fún jáde. Bí àwọn ègé náà bá tóbi, tí àlàfo wọn fẹ̀, tí gbogbo wọn sì gùn bákan náà, ohùn kan náà ni wọn yóò jọ máa dún, yóò sì di híhu tí ó ń wọ etí. Àwọn tí ó ń ṣe táyà tí ó dákẹ́ máa ń mú kí gígùn àwọn ègé náà yàtọ̀ síra kí ohùn wọn má bàa para pọ̀. Ẹ fi ojú tọ ojú táyà náà yí ká, ẹ ó rí ìyàtọ̀ yẹn. Táyà olójú gbàgùdù tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ àti ọ̀nà oko kò ní iṣẹ́ kankan láàárín ìgboro.

Mi ò kì í kúrò lórí ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Lórí tèmi, 195/65R15 ni. Nọ́ńbà 65 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ gíga yìí ni ó sì ń gba ìyà kòtò fún rìmù. Àwọn tí ó ń pààrọ̀ rẹ̀ sí rìmù ńlá àti táyà pẹlẹbẹ ń ra ẹwà, ṣùgbọ́n ariwo àti rìmù títẹ̀ ni wọ́n ń bá bọ̀ wálé. Bí ẹ bá rí 91H lẹ́yìn ìwọ̀n náà, 91 ni pé táyà kan lè gbé kílógíráàmù 615, H sì ni eré 210 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ má ṣe ra èyí tí ó kéré sí ohun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti máa sanwó lé e nítorí V tàbí W, tí wọ́n wà fún eré tí ó ju ti H lọ, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nọ́ńbà treadwear, èyí tí ó ń sọ bí ojú táyà ṣe lè pẹ́ tó kí ó tó jẹ tán, tí ó sì máa ń wà lára ọ̀pọ̀ táyà, wúlò fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ: 400 ń sọ pé nínú ìdánwò, ó yẹ kí ó pẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin táyà tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 100. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe táyà ni ó ń fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà náà, nítorí náà ẹ fi ṣe àfiwé láàárín táyà ilé iṣẹ́ kan náà ju láàárín ilé iṣẹ́ méjì lọ.

Lẹ́yìn tí a bá ti rà á tán, ìtọ́jú ni ó kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ táyà rere ti ń ṣòfò. Bàbá fọganáísà kan ní Mọ́kọ́lá ni ó kọ́ mi ní èyí tí ó wúlò jù. Nígbà tí mo sọ fún un pé ọkọ̀ mi ti ń hu, ó ní, “Fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú bọ̀ síta, kí o tún rà á padà sínú.” Bí ó bá ń yọ̀ níhà kan, tí ó sì ń ha ọwọ́ níhà kejì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò tọ́, aláìnímẹ́ǹtì ni ó nílò. Bí etí méjèèjì bá jẹ ju àárín lọ, atẹ́gùn kéré. Bí àárín bá jẹ ju etí lọ, atẹ́gùn pọ̀ jù. Mo ra gééjì tèmi, mo sì máa ń wọn atẹ́gùn láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí pé táyà tí ó ti gbóná máa ń fi iye tí ó ju bó ṣe yẹ lọ hàn. Bí mo bá ti rìn nǹkan bíi kìlómítà 8,000 sí 10,000, a máa ń kó ti iwájú sẹ́yìn, nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tèmi ń yí, iwájú náà sì ni ó ń tètè jẹ.

Kí ẹ tó dá táyà lẹ́bi, ẹ yẹ bẹ́árìn, irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí, wò. Ariwo tí ó bá ń yí padà bí ẹ bá bọ́ láti orí ọ̀dà gágágá sórí ọ̀dà tó dán, ti táyà ni. Èyí tí ó bá ń pọ̀ sí i tàbí tí ó ń dínkù nígbà tí ẹ bá rọra yí ọwọ́ ọkọ̀ sápá ọ̀tún tàbí sápá òsì, bẹ́árìn ni ó sábà máa ń jẹ́, kò sì sí táyà tuntun tí ó lè wò ó sàn.

Bí owó bá tó méjì péré, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi àwọn tuntun sí, kí ẹ sì mú èyí tí ó sàn jù nínú ti àtijọ́ wá síwájú. Ọ̀pọ̀ fọganáísà yóò sọ pé iwájú ni iṣẹ́ pọ̀ sí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nínú òjò, bí iwájú bá yọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ ó sì dín eré kù. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ lè yí po kí awakọ̀ tó mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Mo máa ń dúró ti fọganáísà títí yóò fi dè wọ́n síbi tí mo sọ, mo sì máa ń rí i dájú pé ó ṣe bálánsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó sanwó.